Fèrè Inú Òru ní Ṣábẹ̀ẹ́: Ta Ló Ń Sanwó Ẹni Tó Ń Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé?

Òru mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni oko ìwádìí INRAB, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ Benin, tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò fojú ba oorun láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2016. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á fẹ́ fèrè funfun kan, irú èyí tí ọmọdé ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó ra fún òun lọ́jọ́ ọdún, àfi pé tiwọn ga ju ènìyàn lọ. Wọn á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn nídìí, wọn á sì tú u sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Bí fèrè náà ti ń gòkè ni ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ ń ròyìn ohun tó bá lọ́nà fún àwọn tó wà nílẹ̀: bí òtútù ti mú tó, bí omi ti pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí àti bó ṣe le tó. Kò ní pẹ́ tí wọn á tún tú òmíràn sílẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

DACCIWA ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ìwádìí náà. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n pa sórí ilẹ̀ fún un: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà. Bàálù mẹ́ta tún ń gbéra láti Lómè, wọ́n ń fò la inú ìkùukùu kọjá. Àwọn ará Karlsruhe ní Jámánì àti Toulouse ní Faransé ló kó ẹ̀rọ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́: ẹ̀rọ tó ń tan iná lésà sókè láti mọ ibi tí ìdí ìkùukùu wà, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wọn atẹ́gùn, títí kan bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀.

Ohun tí wọ́n wá wò kò ṣàjèjì sí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kankan. Lásìkò òjò, ènìyàn á jí láàárọ̀, yóò gbójú sókè wo àwọn àpáta tó yọ bí ọmú lẹ́yìn ìlú, kò sì ní rí orí wọn. Ìkùukùu ti bò wọ́n. Ó lè tó nǹkan bí agogo mọ́kànlá tàbí méjìlá kí oòrùn tó já a. Ọ̀nà tó jìn tó 185 kìlómítà ló wà láàárín etí òkun àti Ṣábẹ̀ẹ́, síbẹ̀ atẹ́gùn tútù tó ti òkun wá ń wọ ìlú lálẹ́, ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù, ìkùukùu á sì ṣú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí kì í mọ ìkùukùu yìí dáadáa. Bí wọn kò bá sì mọ̀ ọ́n, wọn yóò ṣi ìwọ̀n oòrùn tó ń dé ara iṣu, ẹ̀gúsí àti ewé kájú, wọn yóò sì ṣi ooru ọ̀sán náà.

Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sanwó: nǹkan bí mílíọ̀nù 8.7 yúrò, láti oṣù kejìlá ọdún 2013 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2018. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, ó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkùukùu kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa gan-an. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń kọ̀wé béèrè owó, àwọn ló sì ń jókòó ìpàdé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́, jíjí lóru, yíyẹ nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títún kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tó bá kọṣẹ́, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ló ń bọ́ sí. Nọ́ńbà tí wọ́n kó ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti di iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní Toulouse àti níbòmíràn ní Yúróòpù. Ká wá ní ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí wọ́n bí ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì Abomey-Calavi, tó gba máàsítà, tó sì fẹ́ mọ ìdí tí ìkùukùu ìlú rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó ká. Ta ni yóò bọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta?

Nínú ìwé, ọdún mẹ́ta ni oyè ọ̀mọ̀wé ní Benin. Àwọn tó ti ṣe é mọ̀ pé ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìjókòó kíláàsì, iṣẹ́ tí kò sì ní owó oṣù nínú àfi bí ẹnìkan bá gbé e kalẹ̀. Ẹnu mẹ́rin ló sì ń jẹ owó náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni àkọ́kọ́, òun ló sì máa ń kéré jù. Owó oúnjẹ àti ilé ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀: epo ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé, owó àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ tàbí ka ewé, oògùn ilé àyẹ̀wò, dátà íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹrin ni ìrìn àjò: ìpàdé àwọn onímọ̀, oṣù díẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ tí ilé kò ní. Ohun tí wọ́n ń pè ní bourse ní Benin, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sikọ́láṣíìpù, kì í sábà yó ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n gbọ́ pé wọ́n rí bourse, wọ́n jó, ìgbà tí iṣẹ́ oko dé ni wọ́n tó mọ̀ pé owó oúnjẹ nìkan ni wọ́n rí.

Owó inú iṣẹ́ ìwádìí bíi DACCIWA dùn nítorí pé ó máa ń yó ẹnu kẹta yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ wà, fèrè wà, ọkọ̀ wà. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí yóò kú, ọjọ́ náà kò sì bá ti akẹ́kọ̀ọ́ mu. Ẹ wo ti Ṣábẹ̀ẹ́: owó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2013, wọn kò fẹ́ fèrè títí di 2016, owó parí ní òpin 2018, síbẹ̀ àwọn àpilẹ̀kọ lórí òru Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì ń jáde ní 2020 àti 2021. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún tí wọ́n fẹ́ fèrè, tó sì lo ọdún mẹ́ta géérégé, owó ti parí kó tó parí. Àwọn tó gbọ́n máa ń béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, bí iṣẹ́ yìí bá kógbá sílé, ta ni yóò gbé mi dé ọjọ́ tí màá dúró níwájú ìgbìmọ̀? Ìbéèrè náà kò rùn, ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá sì bínú sí i ti dáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará Jámánì ti mọ ọ̀nà ilẹ̀ odò Ouémé ní Benin ṣáájú DACCIWA. Ní ọdún 2000 ni àwọn yunifásítì Cologne àti Bonn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní IMPETUS lórí omi odò náà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ló sì tibẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, ìjọba Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá WASCAL sílẹ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́ àti ìlò ilẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ máa so mọ́ ìdí iṣẹ́ ẹlòmíràn, yunifásítì Áfíríkà ló gbà á, ibẹ̀ ni yóò ti gboyè. Abomey-Calavi ló ní ti ìyípadà ojú ọjọ́ àti omi, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ló ní ti ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ọmọ Benin lè lọ sí Àkúrẹ́, ọmọ Oǹdó sì lè wá sí Calavi. Owó oúnjẹ, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó iṣẹ́ àti oṣù díẹ̀ ní yunifásítì Jámánì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yó ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ Benin lẹ́rù níbẹ̀ ni èdè, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, àní ní Calavi pàápàá. Fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ní ẹbí ní ìhà kejì odò Okpara, tó sì ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà lójú ọjà láti kékeré, ẹ̀rù náà lè kéré díẹ̀.

Dangbo wà ní ìsàlẹ̀ odò Ouémé kan náà, nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí IMSP wà, èyí tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean-Pierre Ezin, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Benin, ló dá a sílẹ̀ ní 1988. Ọdún náà kò dára fún ẹni tó fẹ́ dá ilé ìwádìí sílẹ̀: báǹkì ń wó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń retí owó oṣù tí kò dé. Ibi tí Ezin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú sí fún ìrànwọ́ ni ICTP ní Trieste, Ítálì, ilé tí Abdus Salam, ọmọ Pakistan tó gba ẹ̀bùn Nobel, dá sílẹ̀ ní 1964 kí àwọn onímọ̀ físíìsì láti àwọn ilẹ̀ tí kò lówó má bàa dá wà.

Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé yan IMSP mọ́ àwọn ibùdó tí wọ́n ń pè ní Centre d'Excellence, pẹ̀lú owó tó lè tó mílíọ̀nù 8 dọ́là fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bí owó yìí ṣe ń jáde yẹ ní ṣíṣàlàyé, nítorí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Ẹni tó bá ti gba alágbàṣe sóko ní Ṣábẹ̀ẹ́ yóò tètè mọ̀ ọ́n. Iye ebè tí alágbàṣe bá kọ ni à ń kà sanwó fún un, a kì í ka ọjọ́ tó fi ń pọ́n ọkọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Báǹkì Àgbáyé ṣe ń ka ebè: iye akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n gbà, iye àpilẹ̀kọ tó jáde, bóyá àwọn olùyẹ̀wò láti ìta fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn níyì ju ti ilé lọ nínú ìṣirò náà, obìnrin sì níyì ju ọkùnrin lọ. Nítorí náà, ọmọbìnrin Togo tàbí Nàìjíríà tó bá kọ̀wé sí Dangbo lábẹ́ ètò náà ń mú ohun tí ibùdó náà fẹ́ wá. Òdì kejì rẹ̀ ni pé bí ebè bá falẹ̀, tàbí tí àwọn tó ń kà á bá falẹ̀, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà á falẹ̀. Ó dára kí ènìyàn ní oṣù méjì nípamọ́.

Nínú ètò kan náà ni ACEGID wà, ibùdó tó wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ló wọ Èkó ní 2014, àwọn náà ló ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòrónà tí wọ́n kọ́kọ́ kà ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020.

Ezin kò dúró sí Dangbo. Ní 2008, ó di kọmíṣọ́nà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, lásìkò rẹ̀ sì ni wọ́n ṣí Pan African University ní Addis Ababa, ní oṣù kejìlá 2011. Yunifásítì yìí kò ní ọgbà kan ṣoṣo, wọ́n pín in káàkiri Áfíríkà. Ìpín ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PAULESI, bọ́ sí Ìbàdàn. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n bá mú, láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà yòówù. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ Benin tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kéré tó, nígbà tí ọjọ́ kan péré lọkọ̀ ń lò láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Ìbàdàn.

Nǹkan kan tún wà tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú. INRAB kì í fúnni ní oyè. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, tó sì ní ẹ̀ka ní Abomey-Calavi, kì í fúnni ní oyè. Wọ́n ní oko, wọ́n ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n ní onímọ̀ tó mọ kòkòrò ẹ̀gẹ́ tàbí àrùn iṣu bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Yunifásítì ló ni oyè. Nítorí náà, ẹsẹ̀ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró: a forúkọ sílẹ̀ ní Calavi, Parakou tàbí Ìbàdàn, a sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé ìwádìí, lábẹ́ ọ̀gá méjì. Ilé ìwádìí máa ń fi owó iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́ gbé akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọlé sí wọn kì í sábà jẹ́ ìkéde ńlá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ṣe iṣẹ́ máàsítà lọ́dọ̀ wọn, tó kọ àbọ̀ tó mọ́, tí kò sì fi nọ́ńbà ṣeré, òun ni wọ́n máa ń rántí nígbà tí owó bá wọlé.

Fún ẹni tí kò fẹ́ fi ilé sílẹ̀ pátápátá, ọ̀nà kan wà tí wọ́n sọ lórúkọ búrẹ́dì tí a fi nǹkan sáàárín: sáńdíwíìṣì. Ilé ni búrẹ́dì, òkè òkun ni ẹran. ICTP àti IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára átọ́míìkì, ní irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní STEP: akẹ́kọ̀ọ́ á forúkọ sílẹ̀ nílé, yóò sì máa lọ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́ta. Àwọn Faransé náà mọ ọ̀nà yìí, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn àti ètò ARTS ti IRD, ilé ìwádìí Faransé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Benin tipẹ́. Fún àwọn obìnrin, OWSD, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Sweden ti fi owó ràn lọ́wọ́, ní ètò tirẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ń béèrè pé kí obìnrin náà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn lára àwọn ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà, bíi South Africa, kì í ṣe Yúróòpù.

Ní Nàìjíríà, orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni TETFund, owó tí wọ́n fi owó-orí ẹ̀kọ́ táwọn ilé-iṣẹ́ ń san dá sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló ń rán lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò tíì níṣẹ́ níbẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náírà tún wà níbẹ̀. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 470 náírà lọ ní iye ti ìjọba, ní oṣù kejì 2024 ó ti kọjá 1,500. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ń gba 150,000 náírà lóṣù, dọ́là tó lé ní 300 ti di bí 100, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni wọ́n fi ń ra oògùn ilé àyẹ̀wò. Sẹ́fà so mọ́ yúrò ní 655.957, kò sì mì. Ẹni tó wà ní Calavi tó ń gba owó yúrò mọ ohun tí yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Inú àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan kò dùn sí ìsomọ́ra yẹn, ìjà wọn sì nìyẹn. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni.

Owó kéékèèké náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àjọ IFS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Stockholm ní 1972 ti fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní owó tí kò pọ̀, ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, fún iṣẹ́ oko àti ilé àyẹ̀wò. Kò sí owó gaàrí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí owó oúnjẹ níbòmíràn lè fi ra ohun tó kù, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè owó, ìmọ̀ tí yóò bá a dé ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì.

Àwọn tó pọ̀ jù kò rí èyíkéyìí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣe ni wọ́n ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi vacataire, tí wọ́n ń sanwó fún ní wákàtí, owó tó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọ̀sán ni ti ọmọ oníwèé, òru ni ti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ọdún mẹ́ta á sì di mẹ́fà tàbí méje. Wọ́n ṣì ń gboyè. Kò yẹ kí a máa fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ìfaradà, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ irú àwọn wọ̀nyí dáadáa. Bí ẹnìkan bá pè pé orúkọ rẹ ti jáde, pé kí o fi ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́fà ránṣẹ́ sórí MoMo kí wọ́n lè parí ìwé rẹ, gé fóònù náà. WASCAL kò ní aṣojú lójú títì, DAAD ti Jámánì kò ní, Pan African University kò ní.

Ohun tó kù ni lẹ́tà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó lórúkọ máa ń gba lẹ́tà rẹpẹtẹ tó ń sọ pé, «Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá wa, mo ń wá bourse, ẹ dákun ẹ ràn mí lọ́wọ́.» Kò sí ohun tó lè fi í ṣe. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ kọ tirẹ̀ pé: «Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí atẹ́gùn òkun tó ń wọ Ṣábẹ̀ẹ́ lálẹ́. Ìlú mi nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọjọ́ tí atẹ́gùn bá pẹ́ dé ni ìkùukùu ń tètè ká. Mo ti fi nọ́ńbà oṣù keje 2016 gbìyànjú, àwòrán tí mo yà nìyí.» Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ nílẹ̀ kí ẹnìkan tó fèsì, bí kò tilẹ̀ sí owó lọ́wọ́ onítọ̀hún lọ́jọ́ náà.

Ó sì lè ya àwòrán náà, nítorí àwọn nọ́ńbà náà kò sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní BAOBAB ni wọ́n kó wọn sí, Toulouse ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ènìyàn á forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á wá èyí tó fẹ́, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: wákàtí tí atẹ́gùn wọlé, bí ìdí ìkùukùu ti ga tó, ìṣẹ́jú tí oòrùn já a. Oko INRAB ṣì wà níbi tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ padà sí Karlsruhe àti Toulouse tipẹ́.